Abọ́ Mọ́kànlá Tí Ìyá Ìjọ Kò Gbà Padà

Ìyàwó mi máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí ikú bá fẹ́ mú mi, àfi kí ó gun ọ̀kadà kó tó lè bá mi. Ẹsẹ̀ mi kì í gbélé. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá mi ní Ayétòrò, ó ṣeé ṣe kí oòrùn ọ̀sán bá mi ní Ìlaròó, kí n sì tún yà sí Ọjà-Ọ̀dàn kí n tó darí sílé. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti jẹ́ àlùfáà, síbẹ̀ mi ò tíì lè jókòó gbọ́ ìwàásù ẹlòmíràn parí láìdìde lọ wo ojú ọjọ́ níta. Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí gan-an, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀kan nínú rẹ̀, ewúrẹ́ ni mo lọ lé.

Mo ní kòkòrò HIV lára. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹni tó ń kà mí má bàa máa wá a kiri lábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ ọ́ fún ìjọ mi ní Ayétòrò, láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, láàárín ìkéde ìpàdé àwọn akọrin àti ìkéde pé kí àwọn ọkùnrin gbé àdá wá ṣán koríko àyíká ṣọ́ọ̀ṣì. Àárín ìkéde ni mo fi sí nítorí mi ò fẹ́ kí ó dún bí ìwàásù. Wọ́n máa ń bi mí pé báwo ni mo ṣe kó o. Mi ò ní sọ. A kì í bi ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀ pé ẹ̀fọn wo ló jẹ ẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mò ń lo oògùn mi lójoojúmọ́, ara mi le ju ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣàánú mi lọ, kòkòrò náà kò sì ran ìyàwó mi títí di òní. Àwọn kan ṣì ń pè é ní àrùn kògbóògùn. Orúkọ yẹn máa ń bí mi nínú. Ó gbóògùn. Èmi ni mò ń gbé oògùn náà mì.

Bíṣọ́ọ̀bù wa kò yọ mí. Ó ní kí n máa sọ ọ́ kiri, bóyá nítorí ó mọ̀ pé bí òun kò bá tilẹ̀ rán mi, n óò máa rìn kiri náà ni. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn àgbẹ̀ ní Ipokia. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì tó wà nílùú wa. Àfáà kan ní Ọjà-Ọ̀dàn tilẹ̀ pè mí sí àgbàlá mọ́ṣáláṣí rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó sì gbé àga fún mi. Mi ò jókòó níbẹ̀ náà. Níta, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú ilé mi ni ọ̀rọ̀ ti le, abọ́ ló sì fà á.

Ẹ mọ̀ pé a kì í dá abọ́ padà lófìfo. Ẹni tó bá gbé gààrí wá fún yín, ẹ óò fọ abọ́ rẹ̀, ẹ óò bu nǹkan sí i, ìbáà ṣe ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà, kí ẹ tó fi í ránṣẹ́. Kí n tó sọ̀rọ̀ mi, bí abọ́ ṣe ń wọ ilé míṣọ́n ni abọ́ ń jáde. Lẹ́yìn tí mo sọ ọ́, kí n má purọ́ mọ́ wọn, àwọn ọmọ ìjọ kò dẹ́kun ọrẹ. Iṣu ń bọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bọ̀, gààrí ń bọ̀. Abọ́ nìkan ni wọn kò gbà padà mọ́. "Ẹ fi sílẹ̀ ná, Bàbá, ilé kan náà ni." "Mo ní òmíràn nílé, Bàbá, ẹ má da ara yín láàmú." Ìyàwó mi kọ́kọ́ ń fọ̀ wọ́n, ó ń bu ẹ̀pà sí wọn, ó ń gbé wọn lọ bá àwọn tó ni wọ́n. Lọ́jọ́ kan ó kọjá níwájú ilé kan, ó rí abọ́ tó dá padà lánàá, wọ́n ti fi ń bu omi fún adìẹ. Kò gbé òmíràn lọ mọ́.

Ni abọ́ bá ń ga ní kọ̀rọ̀ pálọ̀ wa. Ìyàwó mi fẹ́ kó wọn sí yàrá ẹ̀yìn, èmi ni mo kọ̀. Mo ní kó fi wọ́n síbẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wọlé máa rí ohun tí wọ́n ń ṣe fún wa. Mo fẹ́ kí ojú tì wọ́n. Inú ń bí mi, mi ò sì rò ó pé ẹlòmíràn lè wọlé, kí abọ́ wọ̀nyẹn bá a sọ ọ̀rọ̀ tí mi ò rán wọn.

Ìyá Ìjọ ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Mọ́kànlá. Òun ni olórí àwọn obìnrin nínú ìjọ wa. Ayétòrò ni ilé rẹ̀ wà, kò jìnnà sí tiwa, ṣùgbọ́n Ọjà-Ọ̀dàn ló ti ń ta gààrí, àpò-àpò, fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó o. Èmi àti òun kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wa lọ, orí àwa méjèèjì sì máa ń gbóná bákan náà. Ọwọ́ rẹ̀ là púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kì í kọjá kó má gbé gààrí wá fún wa. Irú abọ́ kan náà ló fi ń gbé e wá, abọ́ ike funfun ọlọ́mọrí búlúù, tí wọ́n tẹ àwòrán ìyá rẹ̀ sí lórí ọmọrí. Wọ́n pín in níbi ìsìnkú ìyá náà, púpọ̀ sì ṣẹ́ kù sílé òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà yẹn ṣe di ará ilé wa, mọ́kànlá lórí ara wọn, tó ń rẹ́rìn-ín sí wa bí a bá ń jẹun.

Nígbà tó yá, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi, kì í sì í ṣe fún àdúrà. Ní ọsibítù tí a ti ń gba oògùn ní Ìlaròó, bẹ́ǹṣì tí a ń jókòó lé kọjú sí títì. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, ọlọ́kadà ti rí i, ọlọ́kadà sì ni rédíò wa. Àwọn mìíràn ti ń ré kọjá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ gba tiwọn, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ilé bàbá wọn, títí wọ́n fi ti ẹnubodè pa. Wọ́n wá lọ́kọ̀ọ̀kan: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á." Ní tèmi, ìròyìn mi ti gbó. Kò sí ohun tuntun tí ẹnikẹ́ni lè sọ nípa ìjókòó mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Mo bá nọ́ọ̀sì ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ní àwọn fàyè gbà á kí ẹnì kan máa gbà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, bí oníkálukú bá ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá nígbà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Mẹ́fà ni wọ́n. Mo máa ń fi òwú dí inú ike oògùn kọ̀ọ̀kan kí ó má bàa máa mì ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lórí ọ̀kadà. Bí mo bá délé, ìyàwó mi a fi ike kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ abọ́ tí ẹni tó ni ín gbé wá, a da ẹ̀pà bò ó, a dé e. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, oníkálukú a wá gba abọ́ rẹ̀. Àwọn ará ìlú ń yìn wọ́n: ẹ wo onígbàgbọ́ tòótọ́, wọn kò bẹ̀rù abọ́ àlùfáà! Èmi àti ìyàwó mi máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Àbíkẹ́yìn Ìyá Ìjọ, obìnrin, wà nínú àwọn mẹ́fà náà. Aránṣọ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkóríta. Ibi tó ti lọ forúkọ oyún sílẹ̀ ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ọkọ rẹ̀ mọ̀, òun gan-an ló mú un wá sọ́dọ̀ mi. Lọ́jọ́ yẹn ọmọbìnrin náà kò wo ojú mi rárá. Kọ̀rọ̀ tí àwọn abọ́ wà ló ń wò.

"Bàbá, màmá mi ò gbọdọ̀ mọ̀."

"Ìyá rẹ mà ni, ọmọ mi."

"Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ni mo máa kúrò nílùú yìí. Mi ò ní dúró mú oògùn, mi ò ní dúró gbọ́ nǹkan kan."

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Bí ó bá fi oògùn sílẹ̀ pẹ̀lú oyún nínú, kì í ṣe òun nìkan ni yóò kàn. Mo ṣèlérí fún un níwájú ọkọ rẹ̀ pé ìyá rẹ̀ kò ní ti ọ̀dọ̀ mi gbọ́. Mo ṣèlérí náà tọkàntọkàn, èmi náà ni mo sì bà á jẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni, oyún ọmọbìnrin náà ti wọ oṣù márùn-ún. Mo ti lọ gba oògùn wá láti Ìlaròó lọ́jọ́ tó ṣáájú. Ìyàwó mi ti to abọ́ sórí tábìlì, ó ti bo oògùn tán, ó sì ti lọ kí aláìsàn kan. Abọ́ ọmọbìnrin náà wà níwájú, funfun, ọlọ́mọrí búlúù, ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀. Hóró oògùn méjì péré ló kù lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà nílé. Èmi tún ti fi káàdì rẹ̀ sínú abọ́ náà, káàdì tí nọ́ọ̀sì kọ ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ sí, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gbàgàdà lókè.

Ọlọ́kadà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò pa ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá, Ìyá Ìjọ ní kí ẹ fi abọ́ àwọn rán mi o. Ọjà-Ọ̀dàn ni mò ń lọ bá wọn."

Mo ní, "Abọ́ ta?"

"Abọ́ àwọn. Wọ́n ní ẹ mọ̀ ọ́n."

Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ayọ̀ tó gbé mi lọ́jọ́ yẹn? Láti ìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ mi, Ìyá Ìjọ kò béèrè abọ́ kan lọ́wọ́ wa rí. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ó parí, ó ti tán, obìnrin yìí ti dárí jì mí fún ohun tí mi ò ṣe é. Mo yíjú, mo rí ìyá rẹ̀ lórí ọmọrí, mo gbé abọ́ náà láti orí tábìlì, mo fi lé ọlọ́kadà lọ́wọ́. Àwọn mọ́kànlá wà ní kọ̀rọ̀, òfìfo, mi ò tilẹ̀ rántí wọn. Mo tún pariwo tẹ̀lé e pé, "Sọ fún wọn pé kì í ṣe òfìfo o!"

Kò pẹ́ tí ìyàwó mi wọlé. Ó wo tábìlì, ó wò mí.

"Abọ́ ọmọ Ìyá Ìjọ dà?"

Fìlà mi ni mo ń wá.

Ọlọ́kadà tí mo rí gbé mi ń sáré dáadáa, ṣùgbọ́n ní tèmi, bí ẹni ń rìn ni. Mò ń ṣírò ìrìn ẹni tó gbé abọ́ lọ: ó ti dé ibi báyìí báyìí, bóyá ó dúró ra epo, bóyá yóò gbàgbé kó gbé abọ́ náà lọ sílé ara rẹ̀. Mo gbàdúrà kí táyà rẹ̀ jò. Àlùfáà ni mí, mo sì gbàdúrà kí táyà ọmọ ọlọ́mọ jò. Tiwa ni ṣéènì rẹ̀ já. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ nígbà tí ọ̀gbẹ́ni ń tún un ṣe, bí ẹni pé mo lè fi ẹsẹ̀ bá alùpùpù. Ó lé mi bá, ó ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe ní sùúrù?" Mo jágbe mọ́ ọn.

Àwọn aṣọ́bodè tún dá wa dúró lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń wá ìrẹsì fàyàwọ́.

"Kí lẹ gbé sínú báàgì?"

"Bíbélì."

Ọ̀gá wọn rí kọ́là ọrùn mi, ó bọ́ fìlà, ó ní kí n bá àwọn gbàdúrà. Àdúrà tó kúrú jù láyé mi ni mo gbà níbẹ̀. Mi ò dijú.

Ọjọ́ ọjà ni. Mo bá Ìyá Ìjọ nínú àtíbàbà rẹ̀, láàárín àwọn àpò gààrí, lórí àpótí rẹ̀, abọ́ náà lórí itan rẹ̀. Ó ti dé e padà. Mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá n óò rí nǹkan kà níbẹ̀, mi ò rí nǹkan kan.

"Ẹ jókòó, Bàbá."

"Mi ò lè jókòó, Màmá. Mo kàn fẹ́…"

"Mo ní kí ẹ jókòó."

Mo jókòó lórí àpò gààrí.

"Ẹ̀pà yín dùn," ó ní. "Mo ti mú ọkàn le, mo ń bù ú jẹ. Ìgbà tí ọwọ́ mi kan ike nísàlẹ̀ ni mo tó dúró."

"Oògùn mi ni, Màmá. Àṣìṣe ni. Èmi ni mo ni ín." Irọ́ náà yára jáde lẹ́nu mi ju àdúrà ọ̀nà lọ.

Ó ti ọwọ́ bọ inú àyà aṣọ rẹ̀, ó mú káàdì náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí ọmọrí.

"Orúkọ tí mo sọ ọmọ mi lọ́jọ́ kẹjọ ló wà níbí yìí. Ta ló mọ̀?"

"Ọkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì. Èmi àti ìyàwó mi."

"Gbogbo yín," ó ní. "Gbogbo yín mọ̀. Èmi tí mo rọbí rẹ̀ ni mi ò mọ̀." Kò sunkún, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè, bẹ́ẹ̀ obìnrin yìí ló máa ń pariwo nítorí pé wọ́n gbé àga kan kúrò láyè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Mo ní kí n gba ẹyọ kan nínú abọ́ ìyá mi padà, ọdún ìrántí rẹ̀ ń bọ̀, mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ nílé mi. Ohun tí mo bá nínú rẹ̀ nìyí. Kí ni mo ṣe fún ọmọ yẹn, Bàbá? Kí ló rí lára mi tí kò fi lè bá mi sọ ọ́?"

Ó yẹ kí n fara balẹ̀ dá a lóhùn. Mo mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ, mo ti sọ irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìyá. Ṣùgbọ́n ooru ti mú mi lọ́nà, ẹ̀rù ń bà mí, gbogbo ẹ̀dùn ọkàn ọdún wọ̀nyẹn sì ru sókè.

"Màmá, abọ́ yín mọ́kànlá ló wà ní pálọ̀ mi. Ojú ìyá yín ló wà lórí gbogbo wọn. Ìgbàkígbà tí ọmọ yín bá wá gba oògùn, ó ń wò wọ́n. Ó mọ ìdí tí ẹ kò fi gbà wọ́n. Kí lẹ fẹ́ kó wá sọ fún yín?"

Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àwòrán ìyá rẹ̀, ó bo ojú rẹ̀. Ẹnì kan ń pè é láti ẹ̀yìn àpò pé àwọn oníbàárà ti dé. Ẹyin lohùn, ó ti balẹ̀, mi ò sì rí ọ̀nà tí mo fẹ́ fi ṣà á. Ibẹ̀ náà ni mo ti rí ẹ̀bi tèmi. Ta ló fi abọ́ wọ̀nyẹn sí gbangba pálọ̀? Mo kó wọn jọ kí ojú ti ìyá, ọmọ ni wọ́n dẹ́rù bà.

"Ṣé ó máa kú?"

"Kò ní kú. Ẹ wò mí."

Ó wò mí lóòótọ́, láti òkè délẹ̀, bó ṣe máa ń wo gààrí tí wọ́n gbé wá láti oko bóyá ó gbẹ dénú.

"Oyún ńkọ́?"

"Bí kò bá fi oògùn yìí sílẹ̀, Màmá, ìrètí wà dáadáa pé kò ní ran ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tí ẹ bá mọ̀ ni òun yóò kúrò nílùú, oògùn yóò sì dópin."

Ó wá ní, "Ẹ má sọ fún un pé mo mọ̀. Kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi. Bí kò bá sọ, èmi náà ò gbọ́."

Ó ṣí abọ́ náà, ó fi káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ike. Ẹ̀pà ti dín, ike náà ń hàn. Ó na ọwọ́ sínú àpò tó wà lẹ́bàá rẹ̀, ó bu gààrí, ó fi bò ó, ó tún bu, títí ìsàlẹ̀ kò fi hàn mọ́. Ó dé e, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Mo délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọbìnrin náà ti ń dúró. Ó gba abọ́, ó ṣí i wò, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé e padà. "Ẹ ṣé, Bàbá," ó ní, ó sì lọ. Mo jókòó, mo dìde. Mo tún jókòó.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ìjọ wọlé wá. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní kí ìyàwó mi bu oúnjẹ fún òun, ó jẹ ẹ́ tán, ó ṣanwọ́, ó mú abọ́ kan ṣoṣo lórí àwọn mọ́kànlá, pẹ̀lú ẹ̀pà wa nínú rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a kó gbogbo wọn délé.

"Rárá. Bí mo bá kó wọn lẹ́ẹ̀kan, ó máa rò pé ìjà ni mo bá yín jà tí mo fi wá kó ẹrù mi. Ẹ jẹ́ kó máa rí i pé mò ń wá."

Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá nìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ti pọ̀ jù fún mi. Abọ́ di mẹ́wàá, ó di mẹ́sàn-án. Ọmọbìnrin náà wá gba oògùn, ó wo kọ̀rọ̀, kò sọ nǹkan kan. Ìyá rẹ̀ wá, ó jẹun, kò sọ nǹkan kan. Mo ń rìn yí ilé po. Mo lọ sí Ipokia lọ sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe fi òtítọ́ pamọ́ fún ẹbí wọn, wọ́n pàtẹ́wọ́, mo sì gun ọ̀kadà padà pẹ̀lú ìtìjú, èmi tí mo tú àṣírí ọmọ fún ìyá rẹ̀ tí mi ò sì lè jẹ́wọ́ fún ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti sọ ọ́. Ìyàwó mi ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ní ta ló ń fi agbára mú nǹkan? Ó ní, "Ẹ̀yin nìyẹn. Ẹ wo bí ẹ ṣe di agbádá mú."

Ọjọ́ tí Ìyá Ìjọ mú ìkẹyìn lọ, ìyàwó mi gbá kọ̀rọ̀ náà. Àmì róbótó ṣì wà lórí símẹ́ńtì níbi tí àwọn abọ́ ti pẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ọmọbìnrin náà wá, ikùn rẹ̀ ti tóbi, ó ń fi ọwọ́ di ìbàdí mú. Ó dúró láàárín pálọ̀.

"Bàbá, abọ́ màmá mi dà?"

"Wọ́n ti wá kó wọn tán."

Mi ò lè fara dà á mọ́. Mo ní, "Jókòó, ọmọ mi, mo ṣẹ̀ ọ́," mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ọlọ́kadà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, bí mo ṣe gbé abọ́ fún un láìwò, ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn, káàdì, irọ́ tí mo pa, ọ̀rọ̀ líle tí mo sọ sí ìyá rẹ̀. Mo ń rìn lọ rìn bọ̀ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ parí.

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ẹ gbé e fún mi pẹ̀lú gààrí lórí. Ẹ̀pà lẹ máa ń fi bò ó. Gààrí màmá mi sì nìyẹn, òun ni mo fi dàgbà. Kò sí ẹlòmíràn tó ń sẹ́ ẹ kúnná báyẹn."

"Kí ló dé tí o kò wá kúrò nílùú?"

Ó wo kọ̀rọ̀ tó ṣófo náà.

"Wọ́n bù ú bò ó ni, Bàbá. Wọn ò dà á nù." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mò ń retí kí wọ́n sọ̀rọ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, inú sì tún bí mi sí àwọn méjèèjì. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá! Ìyàwó mi gbé abọ́ rẹ̀ wá fún un láti orí tábìlì, oògùn nísàlẹ̀, ẹ̀pà lórí. Ó ṣí i. Ó tọwọ́ bọ inú ẹ̀pà, ó fa ike oògùn náà jáde, ó fi etí ìró nù ún. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó yọ òwú tí mo fi dí i, ó gbé òwú náà sórí tábìlì mi.

"Ẹ bá mi fi abọ́ sílẹ̀ ná," ó ní. "Mo ṣì ń bọ̀ wá gbà á."

Ó mú ike náà lọ́wọ́ gbangba, kò fi aṣọ bò ó. Mo sìn ín dé ẹnu géètì. Gbogbo ìṣísẹ̀ rẹ̀ ni oògùn náà ń dún, ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́, lójú títì Ayétòrò, níwájú àwọn ọlọ́kadà. Nígbà tó dé ìkóríta, kò yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀ ló yà sí.

Ìyàwó mi ní kí n wọlé wá jẹ ẹ̀pà tí ọmọ náà fi sílẹ̀. Mo wọlé, mo sì jókòó.